Kọmíṣọ́nà Tí Kò Rí Àríwá

Lọ́jọ́ Sátidé tí Kọmíṣọ́nà ẹgbẹ́ Síkáótù wá sọ̀rọ̀ lórí "Bí A Ṣe Lè Mú Kí Àwọn Ọ̀dọ́ Má Fi Ẹgbẹ́ Sílẹ̀," ọ̀dọ́ mẹ́fà ló fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ náà tán. Ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni wọ́n gbà. Aránṣọ tó ń darí wọn jókòó sórí àga tó kẹ́yìn, ó ń wo bàtà wọn bó ṣe ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kà á sínú: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tó ka ẹ̀kẹfà, Kọmíṣọ́nà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí àwọn èèyàn pàtàkì tó wà níjòkòó ni. Àwọn èèyàn pàtàkì ọ̀hún, òun fúnra rẹ̀ ni, àti Akọ̀wé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí ọkùnrin yìí ṣe ń wọlé, torí ìwọlé rẹ̀ nìkan tó iṣẹ́ òòjọ́ ẹnìkan. Akọ̀wé á yọjú, á fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ilé á dìde. Lẹ́yìn náà ẹ ó máa gbọ́ woro, woro, woro láti ẹnu ọ̀nà. Mẹ́dà méjìlá ló wà láyà rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìdérí agolo mílíìkì. Ó gba ọ̀kan torí pé ó wá sí gbogbo ìpàdé ọdún kan. Ó gba mẹ́rin torí pé ó fi wọ́n ta ara rẹ̀ lọ́rẹ. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Ẹni Tó Fúnni Ní Mẹ́dà Jù Lọ" sí lára. Lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá Woroworo ni àwọn ọmọ ń pè é. Lójú rẹ̀, oyè rẹ̀ gùn tó ìlà àwọn tó ń dúró de dókítà: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Baba Gbogbo Ọ̀dọ́, Atọ́nà Àwọn Tó Sọnù.

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́!" ló ké lórí pèpéle. "Nígbà tí èmi wà ní irú ọjọ́ orí yín, mi ò ní irú èmi tí ẹ ní yìí! Ta ló darí mi? Kò sí! Ta ló tọ́ mi sọ́nà? Èmi náà ni! Ẹ wá wo oríire yín!"

"Oríire ńlá!" Akọ̀wé ti fa áńkáṣíìfù yọ, ó ń nu ojú tí kò sí omijé níbẹ̀.

"Ṣé mi ò máa pẹ́ jù báyìí?"

"Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá!"

Èyí tó dunni níbẹ̀ ni pé òótọ́ ni Akọ̀wé sọ.

Ọkùnrin yìí ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìpàtẹ́wọ́ oríṣi mẹ́ta. Ìpàtẹ́wọ́ Ìkíni wà. Ìpàtẹ́wọ́ Ìmoore wà. Ìpàtẹ́wọ́ Ìyanu ló le jù, nítorí ẹ ní láti dìde, kẹ́ ẹ lanu sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo òkè bí ẹni tó rí nǹkan. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún o! Ọmọ tó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ìyá rẹ̀ ṣe nílé, tó ń bá bàbá rẹ̀ paárọ̀ táyà ọkọ̀ akẹ́rù, òun lẹ ní kó wá lanu sílẹ̀, kó wo àjà. Bí kò bá gba ojú fèrèsé, ibo lẹ fẹ́ kó gbà?

Okùn tún wá. Láti ọdún mélòó kan ni olú ilé iṣẹ́ ẹgbẹ́ ti ní kí àwọn ọmọkùnrin àti àwọn ọmọbìnrin jọ máa ṣe Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ pa pọ̀. Kọmíṣọ́nà kò lè lòdì sí i, ló bá ní kí wọ́n fa okùn la àárín gbọ̀ngàn kọjá.

Ọmọkùnrin kan tó ga tó tín-ín-rín, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni okùn yìí wà fún?"

"Ààlà ni. Ọkùnrin lọ́tùn-ún, obìnrin lósì. Kí ìwà lè dára."

Ọmọ fọganáísà dìde. Ọmọbìnrin yìí ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò yàn ní alága wọn, apá rẹ̀ le bí apá bàbá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ti ìyá rẹ̀ lọ. "Sà, àga kan náà lèmi àti ẹ̀ ti ń jókòó lé ní kíláàsì láti ọdún mẹ́fà. Tó bá fẹ́ jí ìdáhùn ìṣirò mi wò, ṣé orí okùn ló máa fò ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kọmíṣọ́nà fọn imú. "Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fi ayọ̀ gba okùn náà."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Àǹtí, bí àwọn ọmọ ṣe ń pe aránṣọ yìí, jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń ka lẹ́tà olú ilé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé pẹ̀lú àwọn ọmọ yìí. Kò gba nǹkan kan níbẹ̀ àfi ariwo, ariwo ọ̀hún ló sì ń mú un jí láyọ̀ ní Sátidé. Lẹ́tà náà kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Alábẹ̀wò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Yóò bi ọmọ kọ̀ọ̀kan léèrè bóyá yóò dúró lọ́dún tuntun. Bí ẹni tó máa dúró kò bá pé mẹ́jọ, Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ kásẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn.

Mẹ́rìnlá ni wọ́n láàárọ̀. Mẹ́fà ti bá fèrèsé lọ. Ẹ̀yin náà ẹ yọ ọ́.

Ọmọ fọganáísà àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọlé, wọ́n jókòó sórí ìdì aṣọ bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ni ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀. "Ẹ ti gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi."

"Kí ló sú ẹ?"

"Kí n máa wo àjà."

"Lẹ́tà tí ẹ kọ sí Kọmíṣọ́nà lórí afárá ńkọ́?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yọ ìwé kan nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìgéṣọ. Àwòrán afárá pákó ni, èyí tí wọ́n fẹ́ kàn sórí gọ́tà ńlá tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti máa ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó lè kọjá. Wọ́n ti fi ọ̀pá wọn gọ́tà náà. Wọ́n ti lọ bá ẹni tó ń yọ búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì ti ní òun máa fún wọn ní pákó tí òun ò lò mọ́. Nísàlẹ̀ ìwé, Kọmíṣọ́nà ti fi yíǹkì pupa dá wọn lóhùn: "A ti rí i. Ẹ tún un kọ sórí ìwé tó fẹ̀ ju èyí lọ, torí oyè mi kò gbà síbẹ̀ tán. Bákan náà, afárá kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀dọ́. Iṣẹ́ ọ̀dọ́ ni kó máa dàgbà."

Àǹtí kà á tán, ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ẹ dúró títí alábẹ̀wò á fi dé."

"Nítorí tiyín, mo máa dúró títí dọjọ́ yẹn," ni ọmọ fọganáísà wí. "Ṣùgbọ́n bó bá bi mí bóyá mo máa dúró lọ́dún tuntun, Àǹtí, mi ò ní parọ́ fún un o."

Bí ọ̀kan bá sì ti yọ nínú mẹ́jọ, ó parí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Kọmíṣọ́nà fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù láti wá wọn yunifọ́ọ̀mù tuntun tó fẹ́ fi pàdé alábẹ̀wò. Ó gba àga tó dáa jù. Akọ̀wé dúró, ó ń fi páálí fẹ́ ẹ.

"Madamu, ihò kankan kò gbọdọ̀ wà lára aṣọ yìí."

"Mẹ́dà ńkọ́, sà? Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ."

"Abẹ́rẹ́ kan kò gbọdọ̀ gún irú aṣọ báyìí."

"Àyà ọ̀gá kì í ṣe tìmùtìmù!" Akọ̀wé náà kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Àǹtí ronú díẹ̀. Òòfà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó máa ń fi ṣa abẹ́rẹ́ tó bá já sílẹ̀. Bó bá ti nà án sílẹ̀, gbogbo wọn á sáré wá bá a. Ló bá ra òòfà kéékèèké méjìlá, ó lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn mẹ́dà, ó sì rán irin pẹlẹbẹ sábẹ́ aṣọ níbi àyà. Mẹ́dà gbá aṣọ mú pinpin, kò sí ihò kankan. Kọmíṣọ́nà wo ara rẹ̀ nínú dígí fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì.

"Madamu," ó wí, "o ti ṣe ohun tó tọ́ sí mi."

Ó ṣe é lóòótọ́ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì kò tíì mọ̀.

Ọjọ́ àbẹ̀wò pé. Màmá arúgbó kan tó ti fi iṣẹ́ agbẹ̀bí sílẹ̀ ni olú ilé iṣẹ́ rán wá. Ara rẹ̀ kéré, bàtà kánfáàsì ló wọ̀, ó gbé fúláàsì tíì kọ́ èjìká. Kọmíṣọ́nà ti ṣètò fèrè, ìpàtẹ́wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ọ̀rọ̀ ìkíni olójú ewé méjìlélógún. Màmá náà gbọ́ ojú ewé kan, ó wo aago.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. "Mo ti gbọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n wá wo ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe."

"Mà, a máa rìn! Ìrìn Àjò Ńlá! Láti ibí títí dé ilé omi ìjọba, wákàtí kan gbáko sí gúúsù. Èmi ni mo máa ṣáájú."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ na máàpù tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà sí i. Kọmíṣọ́nà wò ó bí ẹni tí wọ́n na ìbọ̀sẹ̀ ìdọ̀tí sí.

"Máàpù wà fún ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ. Kọ́ńpáàsì ni aṣáájú ń lò." Ó yọ kọ́ńpáàsì wúrà kan, ó gbé e sókè àyà, ní gẹ́rẹ́ iwájú mẹ́dà rẹ̀, kí gbogbo èèyàn lè rí i. "Ẹ gbọ́ òfin ọ̀nà! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àfi tí mo bá bi í. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún ọ̀nà mi ṣe. Olórí ẹ̀ka tó bá tàpá sí i, kó bọ́ síkáàfù ọrùn rẹ̀ fún mi lójú ẹsẹ̀." Ojú Àǹtí ló ń wò bó ṣe ń sọ ìyẹn.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ o. Ọwọ́ abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó pupa ló ń tọ́ka sí àríwá, gbogbo ọmọ Síkáótù ló mọ̀ ọ́n. Kọmíṣọ́nà wo abẹ́rẹ́, ó rí i pé pupa náà kọjú sí àyà òun tààrà. Àríwá wà lẹ́yìn òun nìyẹn, gúúsù sì wà níwájú. "Gúúsù nìyí!" ló ké, ó sì gba ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ, èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn.

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ìlú wọn ni, wọ́n mọ ilé omi. Ṣùgbọ́n òfin ti wí. Ọmọ fọganáísà kàn rọra rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tò sẹ́yìn. Kọmíṣọ́nà ní tirẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ rìn níta láti ọjọ́ tó ti gba oyè. Inú mọ́tò ló ti máa ń wo ìgboro, kọ́tìnì sì wà lójú gíláàsì mọ́tò ọ̀hún. Ojú ọjọ́ ṣú, kò sí oòrùn tí ìyá alábẹ̀wò ì bá fi mọ ibi tí wọ́n kọjú sí.

Níbi tí ọ̀nà ti pín, Kọmíṣọ́nà yà sósì, ó wo kọ́ńpáàsì. Pupa ṣì wà lápá àyà rẹ̀. "Gúúsù!" Ó tún yà sósì. "Gúúsù náà ni! Ẹ wò bí ọ̀nà ṣe ń gbọ́ tèmi!"

"Gbogbo ibi tí ọ̀gá bá ti kọjú sí, gúúsù ni!" ni Akọ̀wé wí, kò sì mọ̀ pé òun nìkan ló sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n kọjá níwájú ọkùnrin tó ń yọ búlọ́ọ̀kù. Ó gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó kí wọn. "Ẹ kú ìrìn o!"

Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n tún kọjá níwájú rẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀ o!"

Nígbà kẹta, ó ti to búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí àga. "Ẹ jókòó ná, ẹ̀yin èèyàn mi. Bó bá jẹ́ èmi lẹ ń ṣọ́, ẹ sọ fún mi, kí n lè jẹ́wọ́."

"Ta lọkùnrin yìí?" ni Kọmíṣọ́nà béèrè.

"Ẹni tó jọ ẹni àkọ́kọ́ ni, ọ̀gá," ni Akọ̀wé dáhùn. "Ó jọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Sà," ni Àǹtí bẹ̀rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí—"

"Madamu! Òfin ọ̀nà!"

Ìyá alábẹ̀wò jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó tú bàtà rẹ̀, ó gbọn òkúta jáde. "Kọmíṣọ́nà, ẹsẹ̀ mi ti sọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sí gbọ̀ngàn. Bí ẹ ṣe wí, gúúsù la ti ń lọ láti àárọ̀. Ẹ dojú kọ àríwá ká máa lọ."

"Kò le rárá, mà." Kọmíṣọ́nà gbé kọ́ńpáàsì sáyà. Àríwá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yí padà láti kọjú sí i. Ó wò ó. Àríwá tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yí padà kíá, bí ẹni tó fẹ́ dé bá a lójijì. Ẹ̀yìn náà ló wà. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ó sáré yí. Woro, woro, woro. Ọkùnrin náà ń yí bí òòyì lójú títì, eruku ń sọ lábẹ́ bàtà rẹ̀, Akọ̀wé sì ń yí tẹ̀ lé e kó má baà kọ ẹ̀yìn sí ọ̀gá.

Ìyá alábẹ̀wò da tíì sínú ìdérí fúláàsì. "Mo ti gba ọmọ sáyé tó ẹgbẹ̀rún," ó wí, "kò sí ọ̀kan tó yí tó báyìí kó tó mọ ibi tí òun máa gbà jáde."

Ìgbà náà ni Àǹtí rí i. Ó rí bí ẹnu abẹ́rẹ́ pupa ṣe ń lé àyà ọkùnrin náà kiri, bí abẹ́rẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù òun ṣe máa ń sáré wá bá òòfà. Ọwọ́ òun ló lẹ òòfà méjèèjìlá! Ó fọwọ́ kan síkáàfù ọrùn rẹ̀. Tó bá sọ̀rọ̀, ó bọ́ ọ nìyẹn, ọdún mẹ́rin lọ. Ó wẹ̀yìn wo ọmọ fọganáísà. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń fi bàtà ya ilẹ̀, ojú rẹ̀ ti kúrò láàárín wọn bí ojú ẹni tó ti di ẹrù tán tó kàn ń dúró de ọkọ̀.

Àǹtí bọ́ síkáàfù. Ó fi lé Akọ̀wé lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó fa abẹ́rẹ́ kan yọ ní etí kọ́là rẹ̀, níbi tí gbogbo aránṣọ ń tọ́jú rẹ̀ sí, ó gbé e síwájú àyà Kọmíṣọ́nà, ó sì ju ọwọ́ sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ náà fò, ó lẹ̀ mọ́ mẹ́dà "Ẹni Tó Fúnni Ní Mẹ́dà Jù Lọ," kò mì.

"Òòfà ni, mà," ó sọ fún alábẹ̀wò. "Kò fẹ́ ihò lára aṣọ, mo sì lẹ̀ ẹ́ fún un. Ọ̀nà kọ́ ni kọ́ńpáàsì ń fi hàn án láti àárọ̀. Ara rẹ̀ ló ń fi hàn án."

Ẹni tó ń yọ búlọ́ọ̀kù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tútù, ó sì bà á jẹ́. Alábẹ̀wò gba kọ́ńpáàsì, ó rìn jìnnà sí Kọmíṣọ́nà bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Abẹ́rẹ́ gbọ̀n, ó yí, ó sì dúró síbi tó yẹ.

"Èmi ti ń fura láti òwúrọ̀, mà," ni Akọ̀wé wí. Ó ti wà lẹ́yìn alábẹ̀wò, a kò mọ ìgbà tó débẹ̀, ó sì ti ń fi páálí fẹ́ ẹ.

"Ta ló mọ̀nà ilé?" ni alábẹ̀wò béèrè.

Ọwọ́ mẹ́jọ ló lọ sókè.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé a ti ṣìnà?"

"Láti ẹnu géètì, mà," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn.

Àwọn ọmọ gba iwájú. Ọ̀nà tó yá jù gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dé etí gọ́tà ńlá. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n di ìyá alábẹ̀wò mú lápá méjèèjì, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ̀, ó rì sínú ẹrẹ̀ dé orúnkún.

"Ọlọ́run mi! Àwọn ọmọdé ń gba ibí?"

"Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, mà," ni ọmọ fọganáísà wí bó ṣe ń fà á jáde. "Tí òjò bá rọ̀, wọn kì í lọ."

Alábẹ̀wò jókòó sí etí gọ́tà, ó ń fi ewé nu ẹsẹ̀. "Ó dáa. Ìbéèrè tí mo bá wá rèé. Ta ló máa dúró lọ́dún tuntun?"

Àǹtí yíjú sí ọmọ fọganáísà.

"Ó dá lórí ohun tí a máa wá máa ṣe, mà," ni ọmọ fọganáísà wí. "Bó bá jẹ́ ìpàtẹ́wọ́, èmi ò wá. Ibi tí ẹ ti ṣubú yìí, a ti wọ̀n ọ́n, a ti ya afárá rẹ̀, a ti rí pákó. Bó bá jẹ́ èyí la máa ṣe, mo máa wá títí tí ẹ fi máa lé mi."

"Èmi náà," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

"Èmi náà." "Mo wà níbẹ̀." "Àwa náà." Wọ́n pé mẹ́jọ. Àǹtí kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá a lójú.

Alábẹ̀wò kọjú sí Kọmíṣọ́nà, tó dúró lódì kejì gọ́tà, tí kò fẹ́ bọ́ bàtà. "Ojú ewé kìíní ìwé òfin ẹgbẹ́ wa sọ pé ní Ẹ̀ka Ọ̀dọ́, àwọn ọmọ ló ń yan iṣẹ́, àwọn ló ń ṣètò rẹ̀, àgbà kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ṣé ẹ ti kà á rí?"

"Mà, ìwé náà wà ní ọ́fíìsì mi! Ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó!"

Ó ń lò ó lóòótọ́. Abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó kúrú ló wà.

Lẹ́tà olú ilé iṣẹ́ dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọ́n dá síkáàfù Àǹtí padà. Wọ́n gba Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ kúrò lábẹ́ Kọmíṣọ́nà, wọ́n sì gba ipò Kọmíṣọ́nà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá ṣì fẹ́ wà nínú ẹgbẹ́, àfi kí ẹ̀ka kan gbà á gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́. Ó lọ bá àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n ní àwọn ń bẹ̀rù ohùn rẹ̀. Ó lọ bá àwọn àgbà, wọ́n ní ìjókòó ti kún. Ló bá kù síbi kan ṣoṣo.

Ní Sátidé, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ọmọ mẹ́jọ. Akọ̀wé ló ti kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n bi í léèrè ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

"Mo lè yinni, Alága," ó wí. "Ẹ kàn fi ẹni náà hàn mí." Wọ́n ní kó lọ máa pọnmi tí wọ́n máa fi po sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá?" ni ọmọ fọganáísà béèrè. "Kí lẹ lè ṣe?"

Ọkùnrin náà dìde, ó na ọrùn. "Ní ọdún tí a bí mi, ìràwọ̀ kan—"

"Bàbá," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí wọ́ọ́rọ́wọ́, ó gbé aago sórí tábìlì. "Ìṣẹ́jú kan ni."

Kò sí mẹ́dà láyà rẹ̀, àyà ọ̀hún sì dà bí ògiri tí wọ́n yọ fọ́tò kúrò lára rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú ti fẹ́ pé.

"Mo lè dúró," ó wí nígbẹ̀yìn. "Mo lè dúró lójú kan fún wákàtí mẹ́rin láìjókòó. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyẹn."

Àwọn ọmọ fi orí kan orí, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọmọ fọganáísà gbójú sókè.

"Ó dáa, bàbá. A nílò ẹni tó máa dúró sínú gọ́tà, tó máa di òpó mú ṣánṣán títí sìmẹ́ǹtì á fi gan. Ẹ wọ ṣòkòtò tó ti gbó."

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé kejì, ó sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó gbá òpó mọ́ra. "Bàbá, ẹ sún un sósì díẹ̀." Ó sún un. "Ó pọ̀ jù, ẹ dá a padà." Ó dá a padà. Kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, ìròyìn ti kárí ìgboro pé Bàbá Woroworo wà nínú gọ́tà. Àwọn mẹ́fà tó bá fèrèsé lọ sáré wá láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tò sí etí gọ́tà, wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ṣùgbọ́n èèyàn kò lè máa rẹ́rìn-ín títí, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa kan pákó níwájú rẹ̀. Ọ̀kan ní wọn ò kan ìṣó yẹn dáadáa. Ọmọ fọganáísà ju òòlù sí i. "Wá kàn án fún wa." Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó ń wòran mọ́. Àǹtí mú rẹ́jísítà jáde nínú báàgì, ó kọ orúkọ mẹ́fà padà síbi tó ti fagi lé wọn, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ọ̀sán gangan ni sìmẹ́ǹtì gan, wọ́n kan pákó tó kẹ́yìn. Gbogbo wọn dúró lórí afárá, wọ́n fò sókè, wọ́n balẹ̀, kò mì. Nígbà náà ni ọkùnrin náà ju òpó sílẹ̀, ó na ọrùn, ó fa èémí gígùn sínú. Àwọn ọmọ mọ èémí yẹn dáadáa. Òòlù dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn. Àǹtí di ojú.

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi ò yọ mọ́."

Ọ̀rọ̀ tó kúrú jù tó tíì sọ láyé rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ mẹ́rìnlá ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó tuntun, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n nawọ́ sí i.